Eré Mọ́tò Ọjọ́ Ajé

Ẹnu mi ló máa ń kó mi sí wàhálà. Ìyá wa sọ ọ́ títí tó fi kú pé ká ní wọ́n pín ẹnu fún àwa méjèèjì bó ṣe yẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi ìbá rí díẹ̀ gbà nínú tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Panẹbítà ni: bí mọ́tò bá kọ lu nǹkan tí ara rẹ̀ wó, òun ló máa fi òòlù lù ú títí á fi padà sí bó ṣe wà. Èmi, rewáyà ni mí, iná mọ́tò ni mò ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò ní Ìbàfò, lẹ́yìn ilé epo kan, láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú. Mowe là ń gbé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ó dá lórí eré mọ́tò tí wọ́n ń sá lókè òkun, èyí tí àwa mẹ́rin máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní kí ló wà nínú eré mọ́tò tó lè ba àgbà ọkùnrin nínú jẹ́ tó báyìí. Kó fara balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wá bọ́ọ̀lù kiri lórí dekóda lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ló bá já síbi tí mọ́tò bí ogójì ti ń yí po lójú ọ̀nà rìbìtì kan, tí wọ́n ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kì í ṣe àwọn mọ́tò pẹlẹbẹ tí àwọn olówó fẹ́ràn láti máa wò o. Mọ́tò tó ní bónẹ́ẹ̀tì, tó ní búùtù, tó jọ èyí téèyàn lè wà lọ sí Ṣàgámù ni. Ọ̀kan gbá èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fẹ́ńdà wó wọlé, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ju rìmóòtù sílẹ̀, ó ní kí n tètè wá, kí n wá wo nǹkan: wọ́n ń gbá ara wọn, kò sì sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ wá jà!

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò lójú títì tiwa rí á mọ ìdí tí ìyẹn fi yà á lẹ́nu. Níbí, bí dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò bá fara kan dígí ẹ̀gbẹ́ lásán, àwọn méjèèjì á páàkì, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa bú ìyá ara wọn, gbogbo ọ̀nà á sì dúró dè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wo eré náà tán lọ́jọ́ yẹn láìdìde. Lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ pé ká ní lọ́hùn-ún ni wọ́n bí òun sí ni, ebi kì bá pa òun láéláé.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa bá wa dá sí i, pẹ́ńtà tó ń kun mọ́tò náà dá sí i, a di mẹ́rin. Eré náà gan-an, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń sá a ní aago tiwa. Nígbà yẹn ṣọ́ọ̀bù ti tì, nílé iná lè má sí, bó bá sì wà, ìyàwó ló ni tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, wọ́n á tún gbé e jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. A wá ṣòfin: láti ìrọ̀lẹ́ Ìsinmi títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo orí fóònù láti mọ bó ṣe parí. Bó bá sì ṣèèṣì gbọ́, kó gbé e mì. Fọkanáísà rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ nǹkan kan o, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí eré ń bẹ̀rẹ̀. A lé e síta, ìdí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ló jókòó sí títí eré fi parí, ó ń yọjú lójú fèrèsé bí ewúrẹ́.

Tí ẹ bá gbọ́ ariwo wa, ẹ ó rò pé àwa la ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé eré náà jáde. Àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ni fọkanáísà ń wò ní tirẹ̀. Wọ́n á ti pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí òun tó rí sípánà rẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni pé bí mọ́tò bá ti ń yà wọlé fún táyà báyìí, ìpolówó á dé, wọ́n á máa polówó ọṣẹ, oògùn ẹ̀yìn ríro, oúnjẹ ajá. Ó ní ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ tálákà. Pẹ́ńtà fẹ́ràn kámẹ́rà tí wọ́n gbé sínú mọ́tò, àmọ́ kò lè fara da àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí eré. Ó ní òun á ti kun odidi bọ́ọ̀sì tán kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Èmi ni mò ń túmọ̀ gẹ̀ẹ́sì wọn, nígbà míì ẹ̀wẹ̀, mo máa ń fi tèmi kún un.

Ara mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Bí ọ̀kan bá ti fẹ̀gbẹ́ họ ògiri, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á fẹ́ kí wọ́n fi ibi tó wó hàn án dáadáa. Wọn kì í fi hàn án. Ojú ìyàwó ẹni tó ń wa mọ́tò ni wọ́n máa ń gbé jáde, níbi tó ti ń gbàdúrà. Kí ni ìyàwó mọ̀ nípa mọ́tò, ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń bèèrè. Téèpù ló sì máa ń dùn ún jù. Bí fẹ́ńdà bá já, àwọn òyìnbó yẹn á kàn fi téèpù lẹ̀ ẹ́, mọ́tò á sì padà sójú eré. Téèpù o! Á mi orí bí ẹni tí wọ́n bú. Mọ́tò aláwọ̀ ewé kan ló yàn ní ààyò, kì í ṣe torí pé ó ń borí, torí pé òun ni ara rẹ̀ máa ń wó jù. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ìpolówó yẹn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Nígbà míì wọn kì í gbé eré kúrò pátápátá. Ìpolówó á gba ibi tó fẹ̀, eré á wà nínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi gbé eré kúrò. A ní kò lọ o, òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, níbo? Pẹ́ńtà dìde, ó fi ìka tọ́ka sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní ẹ̀ẹ̀hẹ́n, òun ti rí i. Irọ́ ló pa. Gbogbo wa mọ̀ pé kò rí i.

Ní ọsibítù, dókítà ní agbára kan ń ti ojú náà láti inú, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́. Ojú òsì ti lọ tán kó tó mọ̀. Ti ọ̀tún, bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù sàlẹ́ńsà ló ṣe ń ríran: ohun tó bá wà níwájú gan-an nìkan ló ń rí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ti ṣókùnkùn. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń kán sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló wá fi ń wá ibi tó wó lára mọ́tò, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn onídekóda gbé ìkànnì eré náà kúrò lórí èyí tí à ń sanwó fún, wọ́n gbé e lọ sókè sọ́dọ̀ àwọn olówó. Ẹ ò rí ìpàdé wa lọ́jọ́ náà! Pẹ́ńtà ní ká máa lọ wò ó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Mowe, níbi tí wọ́n ti ń sanwó gbogbo ìkànnì. Fọkanáísà ní òun mọ ẹnì kan ní Ajúwọ̀n tó ń ta àpótí kan tó ń gbé gbogbo ìkànnì ayé lọ́fẹ̀ẹ́. A ní kó jókòó, ọlọ́pàá ò ní tìtorí eré mọ́tò kó wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé kò ní dáa ká jọ dá owó náà, ká fi kún un, ká máa wò ó bí a ṣe ń wò ó?

Èmi ni mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ fóònù ni kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ti ẹlòmíì. Mo ní dekóda ti di ti ayé ìgbàanì, àwọn tó lajú ti kúrò níbẹ̀. Mo ní ká ra dátà, ká gbé e láti orí fóònù mi sórí tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó á dín kù, èèyàn á sì lè yan kámẹ́rà tó bá wù ú, kódà èyí tó wà nínú mọ́tò aláwọ̀ ewé. Ìyẹn nìkan ì bá ti tó, àmọ́ ẹnu mi ò mọ ibi tó ń dúró. Mo fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wọn, mo ní bó bá jẹ́ tàwọn àgbà bíi tirẹ̀ ni, rédíò la ó ṣì máa gbé lé èjìká kiri. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìwọ lo mọ ayé tuntun. Bó o bá ṣe ní ká ṣe é la ó ṣe é."

Kí ẹnikẹ́ni má bàa yí ọkàn padà, mo gun òrùlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pẹ̀lú sípánà, mo sì tú dísìì tó ń gbé ìkànnì wá sórí dekóda sílẹ̀. Bó ṣe bọ́ sí i, bọ́ọ̀sì ọkùnrin kan láti Ìfọ̀ tó ń kó búrẹ́dì wà nílẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lu, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá irin pẹlẹbẹ tó máa fi dí i. Mo ní, ṣebí dísìì nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù lù ú tẹ́, tó gé e, tó sì jó o mọ́ ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀sì náà. Mo dúró tì í, mò ń pa àwàdà pé láti òní lọ, búrẹ́dì inú bọ́ọ̀sì yẹn á máa wo gbogbo ìkànnì. Bọ́ọ̀sì gba Ìfọ̀ lọ. Títí dòní, bí mo bá rí bọ́ọ̀sì búrẹ́dì lójú títì, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe fọ́nnu tó.

Lẹ́yìn náà ni dókítà ní oògùn kíkán ò ká agbára inú ojú náà mọ́, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Ó là á yé wa pé iṣẹ́ abẹ náà ò ní dá èyí tó ti lọ padà. Bóyá á di ìwọ̀nba tó kù mú, bóyá kò sì ní dì í mú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n mú. Nígbà tí a kà á, a rí i pé ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa gbé eré àṣekágbá ọdún jáde, èyí tó máa sọ ẹni tó gba ife. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wá bá mi nídìí iṣẹ́ mi.

Ó ní, "Mo fẹ́ fi ojú ara mi wo eléyìí. Tí wọ́n bá ṣe é tán tí ojú bá kù, kó kù. Tí kò bá kù, mo ti rí i."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ni mo wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ó wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé eékún rẹ̀ kan tábìlì. Mo ṣí fóònù. Òrùka funfun kékeré kan jáde láàárín tẹlifíṣọ̀n, ó ń yí. A ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bọ̀. Ó ń yí. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo gba fóònù pẹ́ńtà, mo gba ti fọkanáísà, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni síìmù wọn, òrùka kan náà ló ń yí. Ẹnì kan láti ilé epo ní àwọn tó ń gbẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ló gé wáyà lábẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló mú: àwọn mọ́tò jáde, aláwọ̀ ewé wà láàárín wọn, wọ́n wá já sí wẹ́wẹ́, wọ́n gan, òrùka padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú kúrò níbẹ̀. Ó ń bi mí bóyá eré ti bẹ̀rẹ̀, mò ń sọ pé ó kù díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti bíi ogójì ìṣẹ́jú.

Pẹ́ńtà ló rán mi létí ilé ìwòran tó wà ní Mowe. Mo bẹ́ sórí ọ̀kadà. Ìlérí mi ni pé bí mo bá ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, màá pè wọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wá. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọmọ Mùsùlùmí kan ni, ó dé fìlà pẹlẹbẹ, rìmóòtù wà lórí itan rẹ̀. Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá tán láná ni wọ́n ń wò. Mo kí wọn, mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé mi lọ sí ìkànnì eré mọ́tò.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá, mọ́tò tó ń yí po bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, kí ni wọ́n ń wò nínú ẹ̀? Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ló ń gbé rìmóòtù. Mo rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ, pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀la ni wọ́n máa ṣe é. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo ní kí ni aláìmọ̀kan bíi tirẹ̀ tó jókòó sábẹ́ páànù gbígbóná, tí kò rí iṣẹ́ gidi kọ́, tó wá ń ta ìjókòó bẹ́ńṣì jẹun, kí ló mọ̀ nípa eré? Mo tún sọ èyí tí mi ò lè kọ síbí. Àwọn méjì yẹn dìde, wọ́n ní baba, ẹ má bínú, ẹ fara balẹ̀. Mi ò fara balẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé rìmóòtù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní kí n máa lọ, òun ò bá àgbà jà.

Mo lè padà bẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo jáde. Àní mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un, ilẹ̀ ni màá fi aṣọ nù, kò sí nǹkan míì tó máa ṣe mí. Ìgbéraga ni kò jẹ́. Mo padà gun ọ̀kadà lọ sí Ìbàfò.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lára òrùka funfun yẹn nígbà tí mo wọlé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó bi mí pé ṣé wọ́n ní i. Mo ní, "Wọ́n ti ilẹ̀kùn, Bọ̀dá."

Ó ní kò burú. Ó ní ká má pa tẹlifíṣọ̀n, bóyá á mú. Kò mú. Nígbà tí wọ́n máa fi parí eré, ó dìde, ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó lọ parí ilẹ̀kùn mọ́tò kan tó ti ń lù láti ọjọ́ Ẹtì. Ó fara balẹ̀ lù ú. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún bí ọmọdé.

Iṣẹ́ abẹ náà ò di ohunkóhun mú. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó ń mọ̀ pé ọ̀sán ti mọ́, ó sì ń mọ̀ bí èèyàn bá dúró sí iwájú òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó rí gbẹ̀yìn lórí tẹlifíṣọ̀n láyé rẹ̀ ni òrùka tó ń yí, èmi ni mo sì fi hàn án.

A ra dísìì tuntun. A dá owó ńlá yẹn, a san án, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni ti tẹ́lẹ̀ wà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí eré ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó sáyè rẹ̀. Ó ní kí n máa sọ ohun tí mo bá ń rí fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ àwọ̀ mọ́tò, mo sọ ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó ń fẹ́ yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ èéfín, mo sọ ojú ìyàwó tó ń gbàdúrà, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Bí ọ̀kan bá gbá ògiri, òun ló tún máa ń sọ fún wa, láti inú ìró rẹ̀, pé fẹ́ńdà ẹ̀yìn ni, pé kò wó púpọ̀. Ẹnu mi yìí kan náà ló wá di ojú rẹ̀. Àwọn ará ilé epo máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ mi. Pẹ́ńtà ní mo sàn ju àwọn òyìnbó lọ. Ká má parọ́, inú mi dùn láwọn oṣù yẹn. Mo ti fẹ́ẹ̀ dárí ji ara mi.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo lọ ra gílóòbù iná ní Mowe. Nígbà tí mo padà dé, mọ́tò kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbá lẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà lára búùtù rẹ̀, ó ń wá ibi tó wó. Ẹni tó ni mọ́tò náà jókòó sórí àga mi níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin ilé ìwòran yẹn ni.

Pẹ́ńtà ló sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ọkùnrin náà rí eré mọ́tò tó ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin náà ń wò ó? Ó wá ròyìn bàbá kan tó wá bá òun nítorí eré yìí kan náà ní ìparí ọdún tó kọjá, tó bú òun bí ẹni láyin. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà ní rárá o, láti àárọ̀ ló ti ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ padà sára búùtù.

Ọkùnrin náà mọ̀ mí bí mo ṣe wọlé. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo bó ṣe ń fọwọ́ wá ibi tó wó. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e. Ó dìde lórí àga mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ì bá sì dára kó bú mi.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹni tí ojú ń dùn lẹ fẹ́ fi eré náà hàn? Ẹ̀rín lásán ni mo rín. Ǹ bá gbé tẹlifíṣọ̀n náà wá bá a níbí."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú ọ́ìlì mọ́tò tó dà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀kùn tí mo ní wọ́n tì, èébú tí mo bú, bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mi ò padà wọlé. Fọkanáísà àti pẹ́ńtà ń bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́wọ́ kúrò lára búùtù náà títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Dìde. Mo ti gbọ́."

Kò bínú sí mi. Ó ń dá mi lóhùn, à ń jọ jẹun, à ń jọ wọ mọ́tò lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wà ní èjìká mi bí a bá ń sọdá títì. Bó bá fìbínú ṣe é ni, mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, eré bẹ̀rẹ̀, ó jókòó sáyè rẹ̀, ó ní kí n máa sọ ọ́. Mo sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó yá, aláwọ̀ ewé tirẹ̀ yọ láàárín wọn, ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá ẹnì kejì. Mo pariwo pé, "Bọ̀dá, aláwọ̀ ewé ti gba iwájú!"

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú rẹ̀ síbi tó mọ̀ pé pẹ́ńtà máa ń jókòó sí.

Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Pẹ́ńtà wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Òun ló wà níwájú."

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń wo eré títí dòní nìyẹn. Màá sọ ọ́, á sì bi pẹ́ńtà.